Addo sí Akoka, àbí kíláàsì inú fóònù?

  

Ọ̀rọ̀ tòní, ọ̀rọ̀ owó ni, ọ̀rọ̀ ọdún mẹ́rin márùn-ún nínú ayé ènìyàn sì ni. Ẹni tó ń gbé Addo, tó fẹ́ kàwé yunifásítì, ṣé kó máa lọ jókòó sí kíláàsì lójúkojú ni, àbí kó forúkọ sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń kọ́ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì? Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń jà lórí èwo ló dára jù. Lójú tèmi, ibẹ̀ kọ́ ni ọ̀rọ̀ wà. Iṣẹ́ kan wà tí ilé ìwé máa ń bá yín ṣe láìsọ fún yín. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá kúrò nínú ọgbà rẹ̀, ọrùn yín ni iṣẹ́ náà máa bọ́ sí. Ìyẹn la fẹ́ tú wò.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ojú ọ̀nà. Ká sọ pé ọmọbìnrin kan ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù oògùn kan ní Addo Road, UNILAG sì gbà á wọlé sí Akoka. Yóò wọ kẹ̀kẹ́ tàbí kóróópe jáde sí Ajah (láti oṣù kẹfà 2022 ni ìjọba ti fòfin de ọ̀kadà ní Eti-Osa, ẹ má ro ti ọ̀kadà), yóò gba ọ̀nà Lekki-Epe títí dé Obalende, yóò gun Third Mainland Bridge, yóò sọ̀ ní Yaba, kó tó wá wọ ọkọ̀ Akoka. Tí kíláàsì bá jẹ́ aago mẹ́jọ àárọ̀, ẹ̀yin náà ẹ mọ aago tó máa jí. Tó bá jẹ́ LASU ló gbà á, Ojo tún jìnnà jùyẹn lọ, ojú ọ̀nà Badagry ló wà. Lóòótọ́, LASU ní ọgbà kan ní Epe, LASUED náà sì wà ní Noforija, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo kọ́ọ̀sì ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Pan-Atlantic University wà nítòsí wa ní Ibeju-Lekki, àmọ́ ilé ìwé aládàáni ni, owó rẹ̀ ju agbára ẹni tó ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù lọ. Tó bá sì ní òun máa gba yàrá sí Akoka, iṣẹ́ Addo ti lọ nìyẹn, owó tó fẹ́ fi san yàrá náà sì ti bá a lọ.

Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọ̀lẹ ló ń kàwé lórí fóònù. Sún kẹrẹ fà kẹrẹ ọ̀nà wa nìkan tó láti lé ènìyàn síbẹ̀.

Àwọn àgbà kan á sọ pé ìwé tí ènìyàn jókòó sílé kà kì í ṣe ìwé gidi. Ẹ fi sùúrù bi wọ́n pé báwo ni Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ṣe gba oyè yunifásítì rẹ̀ àkọ́kọ́. Ilé níbí ló ti kà á, ó ń fi iṣẹ́ ajé bọ́ ara rẹ̀, títí tó fi gba oyè Bachelor of Commerce ti University of London ní 1944, láì tíì fẹsẹ̀ tẹ London rí. Ọdún yẹn náà ló wá lọ síbẹ̀ láti kọ́ iṣẹ́ agbẹjọ́rò, lójúkojú. UNILAG fúnra rẹ̀ dá ẹ̀ka sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ ọ̀nà jíjìn ní 1974, kí ẹnikẹ́ni tó lá àlá íntánẹ́ẹ̀tì ní Nàìjíríà. Òun ló di Distance Learning Institute lónìí.

Èyí tí orúkọ rẹ̀ gbilẹ̀ jù ni National Open University, tí gbogbo wa ń pè ní NOUN. Ìjọba Shehu Shagari ló dá a sílẹ̀ ní oṣù keje 1983. Kò pé ọdún kan tí ìjọba ológun Muhammadu Buhari tì í pa, ní oṣù kẹrin 1984. Ó di 2001 kí Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í jí i dìde. Victoria Island níbí, ní Ahmadu Bello Way, ni olú ilé rẹ̀ wà kí wọ́n tó gbé e lọ sí Abuja.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Ẹ ò ní jókòó ṣe UTME kẹ́ ẹ tó wọlé, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ ní kírẹ́díìtì WAEC tàbí NECO tó pé. Wọ́n á fún yín ní ìwé kọ́ọ̀sì tẹ́ ẹ máa kà fúnra yín, ẹ ó ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá tí wọ́n ń pè ní TMA lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìyẹn á kó máàkì 30 nínú 100. Ìdánwò ló ni 70 tó kù, ẹ ò sì ní ṣe é lórí bẹ́ẹ̀dì yín. Ẹ ó dìde lọ sí ibùdó ìkẹ́kọ̀ọ́. Àwọn tuntun náà ti ń dé, bíi Miva Open University tí ìjọba fún ní ìwé àṣẹ ní 2023.

Ó yá, iṣẹ́ tí mo ní ilé ìwé ń bá yín ṣe ńkọ́? Òun ló ń ṣètò aago yín. Òun ló ń kó àwọn tẹ́ ẹ jọ ń jìyà kan náà jọ sí ibì kan. Tẹ́ ẹ bá pa kíláàsì jẹ lánàá, ẹnìkan á bi yín lónìí pé níbo lẹ wà. Ẹni tó mọ ìṣirò ju yín lọ á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ẹ ó jọ jẹ búrẹ́dì, ẹ ó sì bi í léèrè. Ìtìjú náà wà níbẹ̀: ojú á tì yín láti jẹ́ ẹnìkan ṣoṣo tí kò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Fóònù kì í dójú ti ẹnikẹ́ni. Tẹ́ ẹ bá ti kíláàsì pa kẹ́ ẹ wo TikTok, kò ní bínú sí yín.

Àwọn olùwádìí méjì ní Columbia University, Di Xu àti Shanna Jaggars, yẹ èsì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó lé ní 40,000 wò ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà. Ohun tí wọ́n rí ni pé máàkì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń wálẹ̀ nínú kọ́ọ̀sì orí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì tètè máa ń pa á tì láàárín ọ̀nà. Àwọn tó jìyà jù ni ọkùnrin, àwọn aláwọ̀ dúdú, àwọn tí ọjọ́ orí wọn kéré, àti àwọn tí máàkì wọn kò fi bẹ́ẹ̀ dára tẹ́lẹ̀. Ó rọrùn díẹ̀ fún àwọn tó dàgbà jù wọ́n lọ. Ẹ kíyè sí i: àwọn tí wọ́n sábà máa ń sọ pé íntánẹ́ẹ̀tì dá ayé wọn sílẹ̀ ni ibẹ̀ ń ni lára jù. Ti àwọn kọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ tún burú. Nínú àwọn tó wọ kọ́ọ̀sì Harvard àti MIT lórí edX ní 2017 sí 2018, bíi mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ló parí rẹ̀. Àwọn olùkọ́ náà kì í ṣe púrúǹtù o!

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká sọ ọgbà ilé ìwé di ọ̀run alákeji. Ní ọjọ́ 14 oṣù kejì 2022, ASUU bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì, kò sì parí títí di ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá. Oṣù mẹ́jọ gbáko. Ní 2020 pàápàá, láti oṣù kẹta títí di oṣù kejìlá ni. Ẹni tó wọlé ní 2019 fún kọ́ọ̀sì ọdún mẹ́rin mọ ibi tí bàtà ti ń ta á lẹ́sẹ̀. Ọmọ ṣọ́ọ̀bù Addo tó fiṣẹ́ sílẹ̀ nítorí Akoka á kàn jókòó sílé, kò rówó, kò ríwèé kà.

Ó wá kan dátà. Kíláàsì Zoom tí fídíò rẹ̀ wà ní títàn lè jẹ nǹkan bíi GB kan ní wákàtí kan. Kọ́ọ̀sì mẹ́fà, wákàtí méjì méjì lọ́sẹ̀, GB 12 lọ́sẹ̀ nìyẹn, ó sún mọ́ 50 lóṣù. Ní oṣù kìíní 2025, NCC fún àwọn ilé iṣẹ́ fóònù láṣẹ láti fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó wọn, nítorí náà ẹ fi ọwọ́ síbi tó yẹ. Tẹ́ ẹ bá pa fídíò, tẹ́ ẹ fi ohùn nìkan gbọ́ ọ, owó náà á wálẹ̀ gan-an. Ilé ìwé tó ń fún yín ní ohùn àti PDF tẹ́ ẹ lè gbà sílẹ̀ mọ ìlú tó wà ju èyí tó ní dandan ni kẹ́ ẹ tan kámẹ́rà. Ti iná, mi ò ní sọ púpọ̀. Ẹ ṣáà ra power bank kẹ́ ẹ tó ra aṣọ.

Àwọn iṣẹ́ kan wà tí wọn ò ṣeé kọ́ lójú fóònù rárá. Ẹnikẹ́ni ò lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń fa omi sí aláìsàn lára lórí YouTube. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, iṣẹ́ dókítà, ẹnjiníà tó fẹ́ lo yàrá ìdánwò: ẹ wá ọ̀nà dé ọgbà. Ìṣirò owó, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ètò ìṣàkóso, ìbánisọ̀rọ̀, àwọn wọ̀nyí gba ilé.

Èyí tó sì lè sun ènìyàn lẹ́kún jù lọ ni ìwé ẹ̀rí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni tó bá ka ìwé òfin jáde ní NOUN kò lè wọ Nigerian Law School, bẹ́ẹ̀ ni kò lè ṣe àgùnbánirọ̀. Ẹ rò ó wò: ènìyàn kàwé fún ọdún márùn-ún, ó yege, ó sì dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n ní irú rẹ̀ kọ́. Oṣù kejìlá 2018 ni wọ́n tó fọwọ́ sí àtúnṣe òfin NOUN tó fi í sí ipò kan náà pẹ̀lú àwọn yunifásítì yòókù. Ẹni tó fọwọ́ sí i ni Buhari, ẹni tí ìjọba rẹ̀ tì í pa ní 1984.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó sanwó síbikíbi, ẹ béèrè bóyá NUC mọ kọ́ọ̀sì yẹn gan-an, kì í ṣe ilé ìwé náà nìkan. Ẹ béèrè ti àgùnbánirọ̀, pàápàá tẹ́ ẹ bá ti ń sún mọ́ ọmọ 30 ọdún. Lẹ́yìn náà, kẹ́ ẹ wá ẹni méjì mẹ́ta tẹ́ ẹ jọ ń ka irú kọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ ní Addo, Badore tàbí Langbasa, kẹ́ ẹ máa pàdé ní ọjọ́ Àìkú kan náà, ibì kan náà, fóònù nínú àpò. Òun lẹ máa fi rọ́pò ẹni tó ń bi yín pé níbo lẹ wà lánàá. Kẹ́ ẹ sì mọ ibùdó tẹ́ ẹ ti máa ṣe ìdánwò àti bóyá ọ̀gá yín máa gbà yín láàyè ní àárọ̀ ọjọ́ Túsìdé, nítorí ìdánwò kì í dúró de òpin ọ̀sẹ̀.