“Chief”: Ọba Ni Tàbí Ìjòyè?

Ara máa ń ta wá bí àlejò bá fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, “chief”, pe Abòdì ní Ìkọ̀yà. Ọba ni Abòdì, kì í ṣe ìjòyè ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ kí a wo gbòǹgbò rẹ̀. “Caput” ni àwọn ará Róòmù ìgbàanì ń pe orí. Ó di “chef” lẹ́nu àwọn Faransé, àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì gbà á lọ́wọ́ wọn. Bí àwa ti fa “olórí” yọ láti inú orí ni. Inú rẹ̀ náà ni “kerchief” ti wá, èyíinì ni ìborí, ẹ̀gbọ́n gèlè àwọn ìyá wa! “Chef” tí í ṣe olórí ilé ìdáná ní hòtẹ́ẹ̀lì kò sì jìnnà sí i. Kò sí àbùkù kankan nínú orísun ọ̀rọ̀ náà.

Ìlò ni ó bà á jẹ́. Ní 1861, nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì ń fẹ́ ilẹ̀ Èkó, “King of Lagos” ni wọ́n pe Dòsùnmú nínú ìwé àdéhùn. Nígbà tí ilẹ̀ bọ́ sí wọn lọ́wọ́ tán, àwọn Ọba wa di “chief”. Òfin 1930 lórí fífi Ọba jẹ àti rírọ̀ ọ́ lóyè, “Chiefs” ni ó kọ. Ọba kan ṣoṣo tí wọ́n mọ̀ ni tiwọn ní Lọ́ńdọ̀nù.

Òmìnira dé ní 1960. Síbẹ̀, òfin tí a fi ń fi Ọba jẹ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, “Chiefs Law” ni orúkọ rẹ̀. Ṣé àwọn aṣòfin Àkúrẹ́ kò ní ìwé atúmọ̀-èdè ni?