Ẹ̀yin Tẹ́ Ẹ Fẹ́ Gba Ilé Létí Òkun, Ẹ Wo Omi Kẹ́ Ẹ Tó Wo Ilé

Ó ti di àṣà l'Ékòó báyìí. Kí ọdún Àjíǹde tàbí Kérésì tó dé, ẹgbẹ́ àwọn télọ̀, ẹgbẹ́ oníṣòwò nínú ọjà, ẹgbẹ́ aláṣọ ẹbí, gbogbo wọn á ti máa dá owó láti gba ilé létí òkun, ìbáà ṣe Ìlàṣẹ, ìbáà ṣe Tarkwa Bay, ìbáà ṣe apá Lẹ́kí. Wọ́n fẹ́ lọ gba atẹ́gùn, kí wọ́n jẹ ẹja yíyan, kí wọ́n gbàgbé gbèsè fún ọjọ́ méjì. Ta ló ní kò dáa? Ẹni tó ṣiṣẹ́ yẹ kó sinmi. Àmọ́ bí ọ̀pọ̀ wọn ṣe ń gba ilé ọ̀hún ló ń kọni lóminú. Wọ́n á wo fọ́tò lórí fóònù, wọ́n á rí àga aláràbarà àti yàrá tó mọ́ rekete, ó parí, owó ti bọ́ sọ́wọ́ ájẹ́ńtì.

Fọ́tò kì í sọ ọjọ́ orí ẹ̀ o. Òkun apá Èkó ń jẹ ilẹ̀, kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nígbà táwọn òyìnbó ń tún ẹnu ọ̀nà èbúté Èkó ṣe fún ọkọ̀ ńláńlá, láàárín ọdún 1908 sí 1912, wọ́n fi òkúta mọ odi wọnú òkun. Odi yìí ló wá dènà iyanrìn tí omi máa ń kó bọ̀ láti ìwọ̀ oòrùn. Iyanrìn jókòó sápá kan, ló bá di pé òkun ń jẹ apá kejì, níbi tí Bar Beach wà nígbà náà. Àwọn ará Òkun Alfa l'Étí Ọ̀sà náà mọ̀ ọ́n, ìṣojú wọn ni omi ṣe kó ilé àti títì lọ. Lóṣù Kẹjọ ọdún 2012, òkun ya wọ Kuramo, ó gbé àwọn ahéré ibẹ̀ lọ, ẹ̀mí sì bá a rìn.

Nítorí náà, ilé tí iyanrìn tẹ́ lọ gbalasa níwájú ẹ̀ nínú fọ́tò, ó lè jẹ́ pé ẹsẹ̀ ògiri ẹ̀ ni ìgbì ń gbá lónìí. Kí ẹgbẹ́ rán ẹni méjì lọ wò ó kí wọ́n tó san kọ́bọ̀, kí wọ́n sì lọ nígbà tí òkun bá kún, kì í ṣe ìgbà tó bá fà sẹ́yìn.

Owó wá ńkọ́? Iye tí ájẹ́ńtì bá dá kọ́ ni gbogbo ẹ̀. Omi ni wọ́n ń gbà dé Tarkwa Bay àti ọ̀pọ̀ ilé Ìlàṣẹ, owó bóòtì àlọ àti àbọ̀ wà lọ́tọ̀. Ta ló máa ra dísù sí jẹnẹrétọ̀? Ṣé omi ìwẹ̀ ibẹ̀ kò níyọ̀? Owó kọ́ṣọ̀n tí wọ́n gbà, ìgbà wo ló ń padà? Bí ìgbì kò bá jẹ́ kí bóòtì gbéra ńkọ́? Kí gbogbo ẹ̀ wà nínú rìsíìtì, torí ìyá ẹgbẹ́ tó bá fẹnu lásán gbà á ni wọ́n máa ká mọ́ ìsọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Oúnjẹ ńkọ́, ilé ni kí wọ́n ti kó o. Ẹni tó bá gbàgbé iyọ̀ á rí omi oníyọ̀ rẹpẹtẹ, kò ní rí iyọ̀ sọ́bẹ̀.

Bóòtì gan-an lọ̀rọ̀ wà. Kí wọ́n ka jákẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó wọlé, kó pé iye èrò, kí ti ọmọdé sì wà níbẹ̀, torí ti àgbà á bọ́ lọ́rùn ọmọ. Bí awakọ̀ bá fẹ́ kó èrò lé èrò, kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Kí wọ́n sì kúrò níbẹ̀ kílẹ̀ tó ṣú. Òkun kì í hó ruru ká wà á ruru, áńbèlètasé lóru.

Ó wá ku omi tí wọ́n tìtorí ẹ̀ lọ. Odi òkúta ló bo Tarkwa Bay, ìgbì ibẹ̀ rọ̀ díẹ̀. Ìlàṣẹ kọjú sí òkun gbangba ní tiẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ ni pé ibi tí ìgbì kò ti fọ́, tí omi ti dákẹ́ láàárín ìgbì méjì, ibẹ̀ ló léwu jù. Ọ̀nà tí omi ń gbà sáré padà sínú òkun nìyẹn, ó sì lè wọ́ ọkùnrin tó taagun lọ. Ẹni tó bá gbé, kó má bá a jà, kó má kọjú sí ilẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ni kó lúwẹ̀ẹ́ sí, kó máa bá etí òkun lọ, títí omi á fi tú u sílẹ̀, kó tó yà sílẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n wẹ̀, kó fò lórí omi bí igi, kó nawọ́ sókè, kó pariwo.

Ilé dáadáa lè má ní òmùwẹ̀ kankan tó ń ṣọ́ èrò. Kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ àwọn apẹja ibi tí ọmọ tiwọn ti ń wẹ̀. Kí wọ́n sì bẹ òmùwẹ̀ kan lábúlé níṣẹ́, tí yóò jókòó sétí omi láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, tí kò ní fẹnu kan ọtí. Owó ẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ mọ́ ti ìrẹsì àti ẹran lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń dá owó.