Ọ̀pá Tẹ́ẹ́rẹ́ Lápá Ọkọ̀ Òfuurufú

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Ifangni, ẹ wo ìdè ilẹ̀kùn yín, tí Faransé ń pè ní charnière: ọ̀pá irin kékeré ló so ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì pọ̀. Irú ìdè bẹ́ẹ̀, tó gùn gbọọrọ, ló di páànù tí awakọ̀ ń rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn apá ọkọ̀ RV-6A mú nígbà tó bá fẹ́ balẹ̀. Richard VanGrunsven ará Amẹ́ríkà ló ya àwòrán ọkọ̀ náà fún ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ tò ó. Àwòrán yìí náà ni wọ́n tẹ̀ lé ní Kàdúná nígbà tí wọ́n ṣe Air Beetle fún Ọmọ Ogun Òfuurufú Nàìjíríà.

Ẹ́ńjìnì a máa gbọ̀n, ọ̀pá a sì máa yọ́ jáde díẹ̀díẹ̀. Bó bá yọ tán lójú ọ̀run, ta ni yóò tì í padà? Nítorí náà ni wọ́n fi ń tẹ orí rẹ̀ kọrọdọ, tí wọ́n ń lu ihò sétí ìdè, tí wọ́n sì ń fi wáyà tí kì í dógùn-ún lọ́ ọ mọ́ ibẹ̀.

Wáyà náà kò wọ́n. Síbẹ̀, awakọ̀ tó mọṣẹ́ a máa fọwọ́ kàn án kí ó tó gbéra.