Bí Òwú Méjì Ṣe Ń Di Ara Wọn Mú Nínú Ẹ̀rọ Ìránṣọ

Nínú ọ̀pọ̀ yàrá akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìbàdàn, Ifẹ̀ àti Abẹ́òkúta, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni ẹ̀rọ ìránṣọ ń gbé, tí ànkárá tí wọ́n ti gé sílẹ̀ sì ká jọ sórí rẹ̀. Ẹni tó ni ín kì í ṣe ọ̀lẹ. Ó ń lọ gba lẹ́kíṣọ̀ ní aago mẹ́jọ àárọ̀, ó ń ṣe asáínmẹ́ǹtì, ó sì ti fi owó súyà ra òwú àti sípù, nítorí pé ó wù ú láti wọ aṣọ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán. Àmọ́ lọ́jọ́ tó jókòó ti bùbá tó fẹ́ rán, òwú ṣù jọ sábẹ́ aṣọ, abẹ́rẹ́ há, ó sì ní òun yóò padà sí i lọ́la. Nígbà tí ọ̀la dé, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ń dá tòlótòló fún bọ̀ọ̀lì àti ẹ̀pà, ó ní kí òun kọ́kọ́ jáde lọ rà á. Nígbà tí yóò fi di ọ̀túnla, ìdánwò ti wọlé dé. Báyìí ni òní ṣe ń di ọ̀la, tí ọ̀la sì ń di ìparí sẹ̀mẹ́sítà.

Èrò mi ni pé ohun tí kò bá yé ènìyàn ló máa ń fi dọ́la jù. Bí akẹ́kọ̀ọ́ yìí bá mọ ìdí tí òwú fi ṣù jọ, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni yóò fi tún un ṣe. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká ṣí ẹ̀rọ yìí wò, ká mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ aṣọ níbi tí ojú wa kì í dé.

Ẹ mú abẹ́rẹ́ ọwọ́ kan àti abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ kan, kí ẹ gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ìdí abẹ́rẹ́ ọwọ́ ni ihò rẹ̀ wà. Gbogbo abẹ́rẹ́ yóò gba inú aṣọ kọjá sí òdìkejì, okùn yóò sì tọ ọ̀nà tí abẹ́rẹ́ gbà, bí àwọn àgbà ṣe máa ń wí. Ti ẹ̀rọ yàtọ̀. Ẹnu ṣóńṣó rẹ̀ ni ihò wà, nítorí pé abẹ́rẹ́ yìí kì í kọjá sí òdìkejì. Irin ti di orí rẹ̀ mú, ẹnu rẹ̀ nìkan ló ń wọnú aṣọ, ibi tó gbà wọlé náà ló sì ń gbà jáde. Bí òwú kan bá bá a wọlé tó sì bá a jáde, kò sí ohun tí yóò dá a dúró lábẹ́.

Barthélemy Thimonnier, ará Faransé, tó gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ tirẹ̀ ní 1830, yanjú ọ̀rọ̀ yìí nípa kíkọ́ òwú kan ṣoṣo mọ́ ara rẹ̀ bíi ṣéènì. Irú rẹ̀ ni wọ́n fi ń rán ẹnu àpò ìrẹsì: bí ẹ bá mọ orí òwú tó yẹ kí ẹ fà, gbogbo rẹ̀ á tú lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyẹn dára fún àpò, kò dára fún ṣòkòtò. Ní Amẹ́ríkà, Walter Hunt ṣe ẹ̀rọ olówùú méjì láàárín àwọn ọdún 1830, ṣùgbọ́n kò gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ nígbà náà. Elias Howe gba tirẹ̀ ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án, 1846. Isaac Singer sì tẹ̀lé e ní 1851. Òwú méjì yẹn náà ló wà nínú ẹ̀rọ tí à ń lò lónìí: ọ̀kan lókè, ọ̀kan nínú bọ́bìnì nísàlẹ̀.

Bí àwọn méjèèjì ṣe ń pàdé gan-an ni ọgbọ́n wà. Ẹ tún wo abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ náà dáadáa. Ní ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n gbẹ́ ọ̀nà tóóró kan láti òkè rẹ̀ dé ihò. Òwú á sùn sínú ọ̀nà yìí, aṣọ kò sì ní lè fún un. Ní ẹ̀gbẹ́ kejì, kò sí irú ọ̀nà gígùn bẹ́ẹ̀, nítorí náà aṣọ á fún òwú mọ́ ara abẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ á sọ̀kalẹ̀ dé ibi tó lè dé, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè padà. Kó tó gòkè ju nǹkan bíi mìlímítà 2 lọ, òwú ẹ̀gbẹ́ tí aṣọ fún mọ́lẹ̀ kò ní lè bá a lọ. Á wú jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ abẹ́rẹ́, á di ojóbó kékeré. Ìgbà yẹn gan-an ni ẹnu ìkọ́ tó wà lábẹ́ ń dé. Á wọnú ojóbó náà, á sì gbé e lọ. Bí ìkọ́ bá yá jù tàbí tó pẹ́ díẹ̀, kò ní bá ojóbó níbẹ̀.

Ìkọ́ á wá fẹ ojóbó yìí lójú, á gbé e yí bọ́bìnì ká pátápátá. Báwo ni òwú ṣe lè yí ohun tó jókòó sínú ẹ̀rọ ká, láìjẹ́ pé ó kọ́ níbì kan? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé bọ́bìnì àti ilé rẹ̀ kò so mọ́ ara ẹ̀rọ. Wọ́n kàn jókòó sínú ìkọ́ ni, irin kékeré kan ń dá ilé bọ́bìnì dúró kó má bàa yí, àyè tín-ín-rín sì wà yí i ká. Òwú òkè á gba àyè yìí kọjá níwájú àti lẹ́yìn, bí okùn tí ọmọdé ń fò ṣe ń gba orí rẹ̀ kọjá tó sì ń gba abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Nínú gbogbo iṣẹ́ ẹ̀rọ yìí, èyí ló jọ mí lójú jù.

Nígbà tí ojóbó bá ti yí ká tán, òwú ìsàlẹ̀ ti wà nínú rẹ̀. Irin kékeré olójú tó ń gòkè tó ń sọ̀kalẹ̀ níwájú ẹ̀rọ á wá fa òwú òkè padà, ojóbó á fún, òwú méjèèjì á sì kọ́ ara wọn láàárín ìnípọn aṣọ. Sítíìṣì kan parí nìyẹn.

Kí abẹ́rẹ́ má bàa gún ojú kan náà, aṣọ gbọ́dọ̀ sún. Eyín irin tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ, irin tó ń tẹ aṣọ mọ́lẹ̀, ló ń ṣe é: á dìde mú aṣọ, á tì í lọ sẹ́yìn, á sọ̀kalẹ̀, á sì padà síbi tó ti wá. Allen Wilson ló gba ìwé àṣẹ lórí ìrìn ìpele mẹ́rin yìí ní 1854. Fún ànkárá, sísún mìlímítà 2.5 lẹ́ẹ̀kan tó. Ẹ má ṣe bá a fa aṣọ, nítorí fífà ló ń tẹ abẹ́rẹ́. Ọ̀pá kan tó so mọ́ kẹ̀kẹ́ apá ọ̀tún ló ń darí abẹ́rẹ́, ìkọ́ àti eyín irin, ìdí nìyí tí wọn kì í fi í ṣìnà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Bóyá ọwọ́, ẹsẹ̀ tàbí mọ́tò ló ń yí kẹ̀kẹ́ náà, iṣẹ́ kan náà ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tí iná kì í sábà wà ní họ́sítẹ́lì rẹ̀ lè fi èyí tí a ń fọwọ́ yí rán aṣọ tó dọ́gba pẹ̀lú ti ẹlẹ́rọ iná.

Wàyí o, kí ló dé tí òwú fi ṣù jọ? Bọ́bìnì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń dá lẹ́bi, ṣùgbọ́n òwú òkè ni kò rí ohun tó dì í mú. Ó yẹ kó gba àárín irin pẹlẹbẹ méjì tí sípíríǹgì ń fún pọ̀, èyí tí àwọn télọ̀ ń pè ní tẹ́ńṣọ̀n. Bí kò bá wọ ibẹ̀, ojóbó kò ní fún, òwú á sì máa ṣẹ́ kù sábẹ́ aṣọ. Ẹ gbé ẹsẹ̀ ẹ̀rọ sókè kí irin méjèèjì lè là, ẹ yọ òwú kúrò, kí ẹ tún un kì láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí òwú ìsàlẹ̀ bá ń yọjú lókè aṣọ, tẹ́ńṣọ̀n ti le jù, ẹ dẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá ń fo sítíìṣì, ìkọ́ ni kò bá ojóbó: abẹ́rẹ́ ti tẹ̀, kò mú mọ́, tàbí wọ́n fi í sódì. Ọ̀nà tóóró gígùn yẹn gbọ́dọ̀ kọjú sí ibi tí òwú ti ń wọ ihò. Abẹ́rẹ́ nọ́ńbà 14 bá ànkárá mu, 11 wà fún aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, 16 sì wà fún jíǹsì.

Ẹni tí èyí bá yé kò ní dúró de òpin ọ̀sẹ̀ tí ọwọ́ yóò dilẹ̀ pátápátá. Ààbọ̀ wákàtí láàárín lẹ́kíṣọ̀ méjì tó láti rán èjìká bùbá. Ọ̀la á wà fún ọrùn, ọ̀túnla fún apá àti ẹ̀gbẹ́. Bí ebi bá ń pa yín, ẹ jẹun ná, kí ẹ fi ọṣẹ fọwọ́ dáadáa, nítorí òróró dòdò kì í tètè kúrò lára aṣọ. Bó bá jẹ́ bọ̀ọ̀lì ló kàn ń wu ọ̀fun, ẹ fi í ṣe èrè: ẹ rán èjìká tán kí ẹ tó jáde.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan bùbá yín, ẹ mú àkísà kan. Ẹ fi òwú funfun sókè, ẹ fi pupa sínú bọ́bìnì, ẹ ṣí ìdérí abẹ́ ẹ̀rọ, kí ẹ sì rọra fi ọwọ́ yí kẹ̀kẹ́ sọ́dọ̀ ara yín. Ẹ óò rí ojóbó funfun tó wú, àti ìkọ́ tó gbé e. Ẹ rán ìlà kan, kí ẹ yí àkísà náà wò. Bí funfun nìkan bá hàn lókè, tí pupa nìkan sì hàn lábẹ́, ẹ̀rọ yín kò bàjẹ́. Ẹ gbé bùbá sí i lónìí.