Fíláàṣì àfọwọ́yí nínú àwòrán ojú ènìyàn

Fíláàṣì àfọwọ́yí ni iná fọ́tò tí ayàwòrán fúnra rẹ̀ ń pinnu bí yóò ti lágbára tó, láìfi ìpinnu náà sílẹ̀ fún kámẹ́rà. Bí a bá yọ irú iná bẹ́ẹ̀ kúrò lórí kámẹ́rà, tí a sì gbé e ka orí ẹsẹ̀ onírin ní ẹ̀gbẹ́ ẹni tí a fẹ́ yà, ìmọ́lẹ̀ kò ní í bọ́ sí ojú náà láti iwájú mọ́. Yóò mọ́lẹ̀ sí apá kan, yóò sì fi òjìji díẹ̀ sílẹ̀ ní apá kejì. Òjìji yìí ni ó ń jẹ́ kí imú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti iwájú orí yọ nínú fọ́tò bí wọ́n ti yọ lójúkojú. Ní Moníyà, ní ìlú Akínyẹlé àti ní àwọn abúlé tó wà lẹ́bàá ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ayàwòrán ni ó ń wáyé lábẹ́ kánọ́pì ìnáwó tàbí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé. Nítorí náà, fíláàṣì kékeré tó ń lo bátìrì mẹ́rin ṣe é gbé kiri ju iná sítúdíò tó nílò jẹnẹrétọ̀ lọ.

Ìtàn ní ṣókí

Ní ọdún 1887 ni àwọn ará Jámánì méjì, Adolf Miethe àti Johannes Gaedicke, po ẹ̀tù magnesium tí wọ́n ń dáná sí láti fi ya fọ́tò nínú òkùnkùn. Ẹ̀tù náà ń rú èéfín, ó sì lè jó ènìyàn. Gílóòbù fíláàṣì, tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan tí a ó sì jù nù, dé ọjà ní Jámánì ní ọdún 1929. Lẹ́yìn náà ni Harold Edgerton ti MIT ní Amẹ́ríkà ṣe iṣẹ́ lórí iná tí ń bù yẹ̀rì láti inú gáàsì, tí ó sì ṣe é lò léraléra. Irú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ fíláàṣì kámẹ́rà òde òní.

Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ni ọ̀pọ̀ àgbà ayàwòrán gbára lé. Inú àgbàlá ní Bamako ni Seydou Keïta ti ya púpọ̀ nínú àwọn àwòrán tó sọ ọ́ di olókìkí, nígbà tí Malick Sidibé, ará ìlú kan náà, gbé fíláàṣì lọ sí òde ijó àwọn ọ̀dọ́. Ìbàdàn náà ní ipa tirẹ̀. Ibẹ̀ ni J. D. 'Okhai Ojeikere (1930–2014) ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1954 gẹ́gẹ́ bí olùrànlọ́wọ́ nínú yàrá òkùnkùn iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìròyìn. Ní 1961 ó lọ sí iléeṣẹ́ tẹlifíṣàn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, kí ó tó di ẹni tí ayé mọ̀ nítorí àwòrán irun dídì.

Ìdí tí a fi ń fọwọ́ yí i

Fíláàṣì aládàáṣe ń ṣírò bí ẹni pé gbogbo ohun tó wà níwájú rẹ̀ ní àwọ̀ eérú tí kò funfun tí kò sì dúdú. Ìṣirò yìí kì í sábà bá ìnáwó Yorùbá mu. Bí ọkọ ìyàwó bá wọ agbádá funfun, kámẹ́rà yóò rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù. Yóò dín agbára iná kù, agbádá yóò di eérú, ojú tó ni agbádá yóò sì ṣókùnkùn. Bí ẹbí tó wọ ẹtù bá dúró síbẹ̀ kan náà, òdìkejì ni yóò ṣẹlẹ̀. Bí ayàwòrán bá sì kó àwọn fọ́tò náà jọ sínú álíbọ́ọ̀mù kan, ẹnì kan náà yóò ní àwọ̀ mẹ́ta lójú ewé mẹ́ta.

Ọ̀rọ̀ yìí ní gbòǹgbò tó jìn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, káàdì tí ilé-iṣẹ́ Kodak fi ń ṣe òṣùwọ̀n àwọ̀, èyí tí a ń pè ní Shirley, jẹ́ àwòrán obìnrin aláwọ̀ funfun. Ojú rẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá fọ́tò dára. Ohun tí fíláàṣì àfọwọ́yí ń ṣe ni pé ó dá òṣùwọ̀n náà padà sí ọwọ́ ayàwòrán. Bí a bá ti rí agbára tó yẹ ojú ẹni tí a ń yà, kò ní í yí padà nítorí aṣọ, níwọ̀n ìgbà tí iná àti ènìyàn kò bá kúrò níbi tí wọ́n wà.

Bí ó ti ń ṣiṣẹ́

Ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí ní láti mọ̀ pé ìmọ́lẹ̀ méjì ló wà nínú fọ́tò kan ṣoṣo: ti àyíká àti ti fíláàṣì. Yẹ̀rì ni fíláàṣì ń bù, kò sì pẹ́ rárá. Nítorí náà, bí ìlẹ̀kùn kámẹ́rà ṣe pẹ́ tó kí ó tó padé kò kan fíláàṣì, ìmọ́lẹ̀ àyíká nìkan ló kàn. Ihò lẹ́ńsì àti ISO kan àwọn méjèèjì. Agbára fíláàṣì àti bí ó ti jìnnà sí ènìyàn kan fíláàṣì nìkan. Ẹni tó bá lóye gbólóhùn mẹ́rin yìí ti kọjá ibi tó le jù.

Ìlẹ̀kùn náà ní ààlà. Nínú ọ̀pọ̀ kámẹ́rà, bí ó bá yára ju 1/200 tàbí 1/250 ìṣẹ́jú-àáyá lọ, kì í ṣí tán lẹ́ẹ̀kan náà, ìlà dúdú yóò sì bo apá kan fọ́tò.

Agbára iná ń lọ sílẹ̀ ní ìdajì-ìdajì: 1/1, 1/2, 1/4, títí dé 1/128. Ní ti ìjìnnà, bí a bá sún iná sẹ́yìn láti mítà 1 sí mítà 2, ìdá mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ ló kù. Ní mítà 3, ìdá mẹ́sàn-án ni. Gbogbo fíláàṣì ló sì ní nọ́ńbà atọ́nà. Bí a bá fi ìjìnnà pín nọ́ńbà náà, a ó rí ihò lẹ́ńsì tó yẹ. Fíláàṣì tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 32 ní ISO 100 yóò fẹ́ f/8 ní mítà 4, àti f/16 ní mítà 2.

Níbí ni oòrùn ọ̀sán ti ń fi ìwọ̀n fíláàṣì kékeré hàn. Nínú oòrùn gangan, ní ISO 100 àti 1/200, ihò lẹ́ńsì tó yẹ àyíká súnmọ́ f/11. Bí ẹni náà bá kọ ẹ̀yìn sí oòrùn, fíláàṣì kan náà ní láti lo gbogbo agbára rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ jìnnà ju mítà 3 lọ, kí ojú tó lè mọ́lẹ̀ tó. Bí a bá fi agboòrùn funfun bò ó, yóò ní láti súnmọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí ayàwòrán tó gbọ́n fi ń mú ènìyàn lọ sí abẹ́ igi máńgòrò, níbi tí 1/8 tàbí 1/16 agbára ti tó, tí bátìrì kò sì ní í tètè kú. Abẹ́ kánọ́pì ní wàhálà tirẹ̀. Tàpólì búlúù tàbí aláwọ̀ ewé ń kun ojú gbogbo àlejò. Fíláàṣì tó lágbára ju ìmọ́lẹ̀ abẹ́ kánọ́pì lọ ni ó ń pa àwọ̀ náà rẹ́.

Ojú, ilà àti dídán

Robert Farris Thompson, tó fi ọ̀rọ̀ wá àwọn amòye iṣẹ́ ọnà Yorùbá lẹ́nu wò, kọ ọ́ ní 1973 pé lára ohun tí wọ́n fi ń díwọ̀n ère ni jíjọra àti dídán. Stephen Sprague, tó ṣe ìwádìí láàárín àwọn ayàwòrán Ìlá-Ọ̀ràngún, fi hàn ní 1978 pé irú ojú kan náà ni wọ́n fi ń wo fọ́tò àgbà: ẹni náà jókòó, ó kọjú sí kámẹ́rà, ó fi ọwọ́ lé itan, aṣọ rẹ̀ tẹ́ rẹrẹ. Ó tún ṣàlàyé bí wọ́n ti ń ya ìbejì tí ọ̀kan ti kú. Wọ́n ń tẹ àwòrán ẹni tó kù lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan, bí ẹni pé àwọn méjèèjì jókòó pọ̀. Bí wọ́n bá jẹ́ akọ àti abo, ẹni tó kù yóò pààrọ̀ aṣọ kí a tó tún un yà. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò lè gba ìmọ́lẹ̀ tó ń yí padà láàárín fọ́tò méjì.

Ara dúdú ń dán. Fíláàṣì kékeré tí kò ní ìbòrí ń sọ dídán yìí di àmì funfun ṣóńṣó ní iwájú orí, pàápàá bí ẹni náà bá fi ìpara pa ojú. Agboòrùn tàbí aṣọ funfun tó fẹ̀, tí a gbé súnmọ́ ojú, ń tẹ́ ẹ káàkiri ẹ̀rẹ̀kẹ́. Iná tó ga jù sì ń jẹ́ kí gèlè da òjìji bo ojú.

Ilà ni ó ń fi àǹfààní iná ẹ̀gbẹ́ hàn jù. Àbàjà, pélé tàbí gọ̀ǹbọ́ jẹ́ ojú ọgbẹ́ tó wọnú ara. Fíláàṣì orí kámẹ́rà ń kún inú wọn, wọn a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Iná tó wá láti ẹ̀gbẹ́ ń fi òjìji tín-ín-rín sínú ìlà kọ̀ọ̀kan, débi pé a lè kà wọ́n. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé Nàìjíríà ti 2003 ti ka ilà kíkọ fún ọmọdé léèwọ̀, àwọn tó ní i sì ti ń dàgbà. Fọ́tò tí a yà ní 70 ọdún baba kan lè jẹ́ ẹ̀rí kan ṣoṣo tí àwọn ọmọ rẹ̀ yóò ní nípa ilà ilé wọn. Ó yẹ kí ayàwòrán béèrè ẹ̀gbẹ́ tí baba náà fẹ́ kí a fi hàn, kí ó tó gbé iná kalẹ̀.

Kíkọ́ ọ

Igbá tàbí ère igi sàn ju ènìyàn lọ fún ìbẹ̀rẹ̀, nítorí kì í rẹ̀ wọ́n. A ó kọ́kọ́ ya fọ́tò láìtan fíláàṣì, ní 1/200, f/5.6, ISO 200, nínú yàrá tàbí ibi òjìji. Ó yẹ kí fọ́tò náà ṣókùnkùn. Lẹ́yìn náà ni a ó gbé iná sí mítà kan àti ààbọ̀, ní ìgun ìwọ̀n 45, kí ó ga díẹ̀ ju orí lọ, ní 1/16. Tírígà orí kámẹ́rà ni yóò ránṣẹ́ sí i. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kéré, a ó gbé agbára sí 1/8, a kò ní í fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Ẹni tó bá ń yí nǹkan mẹ́ta pọ̀ kò ní í mọ èyí tó ṣiṣẹ́.

Fún ẹbí tó tò ní ìlà méjì, a kò gbọdọ̀ gbé iná súnmọ́. Bí ìlà iwájú bá wà ní mítà 2 tí ti ẹ̀yìn sì wà ní mítà 3, àwọn tó wà lẹ́yìn kò ní í rí tó ìdajì ìmọ́lẹ̀ tí àwọn tó wà níwájú rí. Bí a bá sún iná sẹ́yìn dé mítà 5 àti 6, wọn yóò rí bí ìdá méje nínú mẹ́wàá. Agbára ni a ó fi kún un, bátìrì yóò sì tètè tán.

A kì í tú fíláàṣì fúnra ẹni bí ó bá bàjẹ́. Iná mànàmáná inú rẹ̀ ń tó nǹkan bí 300 fóòtì, ó sì lè wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí a ti yọ bátìrì.