Orúkọ Ọmọ Ogun àti Ilé Bàbá Rẹ̀

Àwọn àgbà ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ṣùgbọ́n ní ayé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, akọ̀wé tí ń kọ orúkọ ẹni tí ó wá gba iṣẹ́ sójà kì í wo ilé. Ohun tí ó bá ti ẹnu ọmọkùnrin náà jáde, bí etí àlejò bá ti gbọ́ ọ sí, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ń wọ inú ìwé. Bí ọmọ náà bá padà wálé, kò sí ewu, nítorí àwọn ará ilé rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Bí ó bá kú sí ojú ogun ní òkèèrè ńkọ́? Orúkọ inú ìwé yìí ni ó kù tí a lè fi wá ilé bàbá rẹ̀, ó sì lè ṣi ẹni tí ń wá a lọ́nà. Àlàyé bí a ti lè ti orúkọ bẹ́ẹ̀ dé agbo ilé ni kókó ọ̀rọ̀ yìí.

Ìdí tí ó fi yẹ kí a wá wọn

Ní ilẹ̀ Yorùbá, bí ènìyàn bá kú sí ìrìn àjò tí kò sì ṣeé ṣe láti gbé òkú rẹ̀ wálé, irun orí rẹ̀ àti èékánná rẹ̀ ni a máa ń gé wá, kí a lè sin wọ́n sí ilé àwọn bàbá rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe fún ọ̀pọ̀ jagunjagun ayé àtijọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó kú nínú igbó Tanganyika ní 1917, tàbí ní àfonífojì odò Kaladan ní ilẹ̀ Bọ́mà ní 1944, ta ni yóò gé irun rẹ̀ wálé? Orúkọ rẹ̀ nìkan ni ó lè padà.

Ní 1917 ni a dá ìgbìmọ̀ tí ń tọ́jú ibojì àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ ọba Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀. Ìlànà ìgbìmọ̀ náà ni pé kí a kọ orúkọ olúkúlùkù òkú sára òkúta, ìbáà ṣe ọ̀gágun tàbí ọmọ ogun lásán, ìbáà ṣe onígbàgbọ́ tàbí mùsùlùmí. Ní ilẹ̀ Áfíríkà, wọn kò tẹ̀lé ìlànà yìí délẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2021, ìgbìmọ̀ náà fúnra rẹ̀ gbé ìwé kan jáde, ó sì jẹ́wọ́ pé láti inú ogun 1914 sí 1918, ó kéré tán, òkú 116,000 ni a kò kọ orúkọ wọn síbì kankan, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n tó 350,000. Ará Ìlà-Oòrùn Áfíríkà àti ará Íjíbítì ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Yàtọ̀ sí ìwọ̀nyí, àwọn bíi 45,000 sí 54,000 wà tí a ṣe ìrántí wọn lọ́nà tí kò tó ti àwọn òyìnbó, àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sì wà lára wọn.

Ohun tí ìwé ogun kọ sílẹ̀

Ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí Glover kó jọ ní Èkó ní nǹkan bíi 1863 ni a lè pè ní ìpìlẹ̀ iṣẹ́ sójà lọ́dọ̀ wa. Hausa ni ó pọ̀ nínú wọn, orúkọ Hausa sì lẹ̀ mọ́ ẹgbẹ́ náà. Nígbà tí àwọn ọmọ Yorùbá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ iṣẹ́ yìí, èdè Hausa ni wọ́n bá níbẹ̀, àṣà orúkọ tí wọ́n sì bá ni pé kí a so orúkọ ìlú mọ́ orúkọ ẹni. Àpẹẹrẹ kan tí ó hàn gbangba ni ti sájẹ́ńtì-mejọ̀ tí a ń pè ní Belo Akure, akọni tí ó gba àmì ẹ̀yẹ nínú ogun 1914 sí 1918, tí Ọ̀gágun Downes sì mẹ́nu kàn nínú ìwé rẹ̀ ti 1919. Belo ni orúkọ rẹ̀. Àkúrẹ́ jẹ́ ìlú.

Ọ̀nà mẹ́ta ni irú orúkọ báyìí fi ń bo ilé mọ́lẹ̀. Èkínní, kò sí orúkọ bàbá nínú rẹ̀. Èkejì, akọ̀wé kò kọ àmì ohùn, kò sì fi àmì sábẹ́ lẹ́tà. Bí a bá rí ‘Ode’ lẹ́yìn orúkọ kan, ṣé Ìjẹ̀bú-Òde ni, tàbí Òde Oǹdó? Ó tilẹ̀ lè jẹ́ pé ọdẹ ni ọmọkùnrin náà, tí ó sọ iṣẹ́ rẹ̀ nígbà tí wọ́n bi í ní ìlú. Ẹ̀kẹta, ìlú ńlá a máa gbé abúlé mì.

Ẹ̀kẹta yìí ni ó ṣòro jù. Kí a mú agbègbè tí ó wà láàárín Ìfọ̀ àti Mowé, Ìbàfò àti Lótò wò. Lónìí, èrò ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn ti kún ibẹ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó ṣí ọ̀nà ńlá náà ní 1978, oko ni púpọ̀ nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ibẹ̀ sì jẹ́ Ẹgbá àti Òwu tí wọ́n ní ilé ní Abẹ́òkúta. Bí akọ̀wé bá bi ọmọ irú àgbẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní ìlú rẹ̀, kò ní dárúkọ abúlé. Abẹ́òkúta ni yóò wí, òtítọ́ ni ó sì sọ. Nítorí náà, ẹni tí ó bá rí ‘Abeokuta’ nínú ìwé gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ibùgbé mẹ́ta ni ó wà lẹ́yìn orúkọ yẹn: abúlé tí a ti tọ́ ọmọ náà dàgbà, àdúgbò àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ìbáà ṣe ti Ẹgbá Aké, Òkè-Ọnà, Gbágùúrá tàbí Òwu, àti orílẹ̀ wọn, ìyẹn ìlú tí àwọn bàbá ńlá wọn ti ṣí wá kí wọ́n tó tẹ Abẹ́òkúta dó ní 1830.

Ohun tí ilé ń tọ́jú

Ohun tí ìwé kò ní, ilé ni ó ní in. Èyí tí ó lágbára jù ni oríkì orílẹ̀. Ìdílé lè ṣí láti ìlú kan sí òmíràn, kí ó yí ẹ̀sìn padà, kí ó gba orúkọ tuntun; síbẹ̀ ìyá àgbà tí ń ki ọmọ rẹ̀ ní òwúrọ̀ kò ní pa orílẹ̀ rẹ̀ dà. Bí ilé méjì bá ń jẹ́ orúkọ kan náà, oríkì ni yóò yà wọ́n sọ́tọ̀.

Lẹ́yìn èyí ni orúkọ ènìyàn. Kì í ṣe gbogbo orúkọ Yorùbá ni ó ń tọ́ka sí ìdílé. Òjó, Àjàyí, Ìgè, Dàda, Táíwò àti Ìdòwú jẹ́ orúkọ amútọ̀runwá. Kò sí agbo ilé tí a kò ti lè rí wọn. Bí ìwé ogun bá kọ ‘Ojo Ibadan’, ohun tí ó wí kò ju pé a bí ọmọ kan tí ó gbé ìwọ́ kọ́rùn wáyé, àti pé Ìbàdàn ni ó pè ní ìlú. Ṣùgbọ́n bí ó bá kọ orúkọ tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Àyàn, ilé onílù ni kí a kọ́kọ́ yà sí. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ọ̀jẹ́, ilé eléégún. Bí ó bá jẹ́ Ifá tàbí Awo, ilé babaláwo. Bí ó bá jẹ́ Ọdẹ, ilé ọlọ́dẹ. Orúkọ mùsùlùmí bíi Làwàní, Sùnmọ́nù tàbí Búráímọ̀ kò ní irú ìtọ́ka bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ń jẹ́ ẹ kì í ṣaláìní orúkọ mìíràn nílé, òun ni àwọn àgbà ilé yóò rántí.

Orúkọ àwọn tí ó kù lẹ́yìn òkú náà tún wúlò. Ọmọ tí a bí nígbà tí bàbá rẹ̀ wà ní ìdálẹ̀ ni a máa ń pè ní Bídèmí. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ kú ní kété tí a bí i lè jẹ́ Babárímisá. Bí ìdílé kan bá ní Bídèmí tí a bí ní àkókò tí àwọn ọmọ ogun wà ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà tàbí ní Bọ́mà, ó yẹ kí a béèrè ibi tí bàbá ọmọ náà lọ.

Bí ilé bá sì dákẹ́, kí a má ṣe rò pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Ní 1918, nígbà tí Ogun Adùbí bẹ́ sílẹ̀ ní ilẹ̀ Ẹgbá nítorí owó orí, tí àwọn ènìyàn sì hú irin ojú ọ̀nà rélùwéè, àwọn ọmọ ogun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà wà lára àwọn tí ìjọba rán lọ bá wọn jà. Ẹ̀gbẹ́ ojú irin yìí ni Ìfọ̀ wà. Ilé tí ọmọ rẹ̀ kú nínú aṣọ sójà kan náà lè má fẹ́ fi í yangàn lójú aládùúgbò.

Ẹni tí ó ti kúrò nílé kí ó tó di sójà

Ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ti ṣí kúrò nílé kí ó tó wọṣẹ́ ogun tún díjú ju èyí lọ. Àwọn oníṣòwò Yorùbá láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìgbòho àti Inísà ti tẹ̀dó sí Gold Coast, tí í ṣe Gánà òní, tipẹ́. Ọmọ wọn tí ó bá wọ iṣẹ́ ogun níbẹ̀, inú ìwé Gold Coast ni a ó ti bá orúkọ rẹ̀, a kò ní bá a nínú ti Nàìjíríà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Gánà pàṣẹ pé kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀kẹ́ àìmọye Yorùbá sì padà wálé. Nítorí náà, ibojì ọmọ náà lè wà ní Bọ́mà, ìwé rẹ̀ ní Accra, kí àwọn tí wọ́n mọ ojú rẹ̀ sì wà ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Ní ìhà ìwọ̀-oòrùn, àwọn ará Kétu àti Sábẹ̀ bọ́ sábẹ́ ìjọba Faransé. Nígbà ogun 1914, ìjọba náà ń fi agbára mú àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin lọ sí ogun, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì sá kọjá ààlà wá sí apá Nàìjíríà, níbi tí ìbátan wọn wà. Ìdílé kan lè tipa báyìí pín sí méjì, kí ìwé ọmọ tí ó kú wà ní ilẹ̀ Faransé, kí ìtàn rẹ̀ sì wà ní Ìmẹ̀kọ.

Àpẹẹrẹ méjì

Peter Adeniyi Thomas, ọmọ Èkó, ni ará Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí a fi joyè ọ̀gá nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfurufú Gẹ̀ẹ́sì nígbà ogun kejì. Ó kú nínú ìjàm̀bá bàálù ní Britain ní oṣù kìíní ọdún 1945. Wíwá ìdílé tirẹ̀ kò nira: oníṣòwò pàtàkì ni bàbá rẹ̀, Stella Thomas arábìnrin rẹ̀ sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ó di adájọ́ májísíréètì ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ní 1943. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ kọjá bàbá lọ sí orílẹ̀, ‘Thomas’ kò lè mú wa débẹ̀, nítorí irú orúkọ tí àwọn Sàró mú ti Freetown bọ̀ ni. Adéníyì ni ó ṣì ń sọ èdè ilé. Ọmọ ọlọ́lá àti ọmọ àgbẹ̀ bára dọ́gba níhìn-ín: orúkọ ìta ti bo ti ilé.

Èkejì ni Isaac Fadoyebo, ọmọ Emure-Ile nítòsí Ọ̀wọ̀, tí ó wọ iṣẹ́ ogun ní Abẹ́òkúta ní 1942 nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 16. Kò kú sójú ogun, ṣùgbọ́n díẹ̀ ló kù. Ní oṣù kẹta ọdún 1944, àwọn ará Japan kọ lu ẹgbẹ́ olùtọ́jú aláìsàn tirẹ̀ létí odò Kaladan. Àwọn kan nínú wọn kú. Òun àti David Kargbo, ará Sierra Leone, fara gbọgbẹ́, wọ́n sì wà nínú igbó. Àgbẹ̀ mùsùlùmí kan tí ń jẹ́ Shuyiman ni ó bọ́ wọn tí ó sì fi wọ́n pamọ́ títí di oṣù Kejìlá ọdún náà. Fadoyebo kọ ìtàn yìí sílẹ̀ fúnra rẹ̀, a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1999. Ní 2011, akọ̀ròyìn Barnaby Phillips gba lẹ́tà ìdúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì wá ilé Shuyiman títí ó fi rí i. Shuyiman ti kú, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rẹ̀ rántí àwọn sójà aláwọ̀ dúdú méjì náà. Fadoyebo kú ní 2012.

Ohun tí ó mú ìwákiri yẹn yọrí sí rere ni pé ìwé àti ìrántí pàdé. Fadoyebo ti kọ orúkọ abúlé àti ti ènìyàn sílẹ̀. Ilé Shuyiman sì ti pa ìtàn náà mọ́. Bí ọ̀kan bá ṣaláìsí nínú méjèèjì, lẹ́tà ì bá má dé.

Bí a ti lè ṣe é

Ẹni tí ó bá fẹ́ wá irú ìdílé bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ti ilé bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ òfo. Kí ó kọ́kọ́ wo ìwé orúkọ àwọn òkú ogun, tí ẹnikẹ́ni lè rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí. Nọ́ńbà ọmọ ogun ni kí ó fi ojú sí jù, nítorí nọ́ńbà kì í jọra bí orúkọ ti ń jọra. Ní ogun kejì, NA ni ó máa ń ṣáájú nọ́ńbà àwọn tí ó wọṣẹ́ ní Nàìjíríà, GC sì ni ti Gold Coast. Lẹ́yìn náà, kí ó lọ sí ilé ìṣúra ìwé àtijọ́ ti ìjọba ní Ìbàdàn, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Dike dá sílẹ̀ ní 1954. Ìwé ẹ̀kùn Abẹ́òkúta wà níbẹ̀. Kí ó wo ìwé ìrìbọmi nínú ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́. Nígbà náà ni kí ó wá wọ agbo ilé, kí ó dọ̀bálẹ̀ tàbí kí ó kúnlẹ̀ fún àwọn àgbà, kí ó sì béèrè, kì í ṣe “Ta ni ń jẹ́ báyìí?” bí kò ṣe “Ta ni ó lọ sógun tí kò bọ̀?” Oríṣi orúkọ lè sọnù, ṣùgbọ́n àyè ẹni tí kò padà kì í tètè parẹ́ nínú ilé.

Iṣẹ́ yìí kò lè dúró de ọ̀la. Ní Mowé, Ìbàfò àti Lótò, ilé tuntun ń wó abúlé àtijọ́ lulẹ̀, àwọn tí ó lè tọ́ka sí ibi tí agbo ilé kan wà sì ń dínkù. Olùkọ́ tí ó bá rán àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ lọ kọ oríkì orílẹ̀ ìdílé wọn sílẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ẹni tí ó lọ tí kò bọ̀, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí akọ̀wé ogun kò ṣe. Òkúta lè gba orúkọ tí a bá gbé fún un. Ilé nìkan ni ó lè sọ ẹni tí orúkọ náà jẹ́ tirẹ̀.