Láti Àlàbá dé Dubai: Bí ọmọ tó ń yọ̀ lórí omi dídì ṣe lè rí àyè gbáradì nílùú onílùú

Ará Ọjà Àlàbá kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń ṣàlàyé omi dídì fún. Láàárọ̀ kùtù ni wọ́n ti ń to firísà síta níbẹ̀, tuntun lọ́tọ̀, tòkunbọ̀ lọ́tọ̀. Ọmọ iṣẹ́ tó ń rọ gáàsì sí firísà mọ ohun tí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ń ṣe ju ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì lọ, kí LASU tó wà nítòsí wọn má bínú.

Ṣùgbọ́n omi dídì tí èèyàn ń wọ bàtà alábẹ́ irin sáré lórí rẹ̀, ìyẹn yàtọ̀. Kò sí irú pápá bẹ́ẹ̀ ní Ọ̀jọ́, ní Ìba tàbí ní Òkokomáíkò. Ẹni tó bá mọ ọmọ Yorùbá tó ń ṣe síkétìn, ìlú òkèèrè ni ọmọ náà sábà máa ń wà: London, Houston, Toronto. Àwọn mọ̀lẹ́bí rẹ̀ tó ń ta ọjà nílé ló ń lọ Dubai àti Guangzhou lọ kó ọjà. Tí ìsinmi iléèwé bá wá bọ́ sí àsìkò ìrìn àjò, ọmọ á tẹ̀lé ìyá tàbí àǹtí rẹ̀. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì láìfẹsẹ̀ kan omi dídì kì í ṣe nǹkan kékeré fún ọmọ tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fò sókè, kí wọ́n yí po lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n sì fi ẹsẹ̀ kan balẹ̀. Ara máa ń gbàgbé. Tí ìdíje bá wà ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n padà, owó tí òbí ti ń san fún olùkọ́ láti oṣù mélòó kan sẹ́yìn lè wọlẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ òbí kò sì mọ̀ ni pé pápá lè wà, kó ṣí sílẹ̀, kí wọ́n gbowó lẹ́nu ọ̀nà, síbẹ̀ kí ọmọ má rí àyè gbáradì.

Ká ní ìyá kan láti Àlàbá dé sí Deira ní Dubai fún ọjọ́ mẹ́wàá. Ó parí ọjà lọ́jọ́ kan, ó mú ọmọ rẹ̀ wọ reluwé Red Line ní Union, ó di Dubai Mall. Pápá omi dídì tó wà nínú ilé ìtajà yẹn tóbi tó ti Òlíńpíìkì. Wọ́n sanwó, wọ́n wọlé. Kí ni wọ́n bá? Àwọn ọmọ kéékèèké tó di ère ẹyẹ oníke mú kí wọ́n má baà ṣubú, àwọn tó ń ya fọ́tò, gbogbo wọn ń yí po sí ọ̀nà kan náà. Ọmọ náà gbìyànjú láti pòòyì láàárín, òṣìṣẹ́ fọn fèrè, ó ní kò gbọdọ̀ ṣe é. Owó lọ, àkókò lọ, kò sí ìgbáradì.

Òṣìṣẹ́ yẹn kò ṣe àṣìṣe. Àkókò gbogbo èèyàn ni wọ́n bá a, èyí tí wọ́n ń pè ní public session. Ẹni tó bá ń fò tàbí tó ń fẹ̀yìn sáré láàárín èrò lè fi irin ẹsẹ̀ rẹ̀ gé ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́. Àkókò tí ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ nílò, orúkọ tirẹ̀ wà lọ́tọ̀. Ní Amẹ́ríkà, freestyle ni wọ́n ń pè é. Ní ìlú Ọba, ẹ máa gbọ́ patch. Èèyàn díẹ̀ ni wọ́n ń gbà sí i, orin àwọn tó ń gbáradì ni wọ́n ń lù, ọmọ sì láǹfààní láti fò bó ṣe wù ú. Ti àwọn tó ń gbá họ́kì tún wà lọ́tọ̀, wọn kì í sì í pa á pọ̀ mọ́ ti àwọn tó ń jó. Ẹni tí kò mọ orúkọ tó yẹ kó bèèrè, tíkẹ́ẹ̀tì tó wà fún gbogbo ayé ni wọ́n máa tà fún un.

Kí ló dé tí àkókò yìí fi ń ṣọ̀wọ́n tó bẹ́ẹ̀? Ìdáhùn náà wà nínú firísà tí wọ́n ń tà ní Àlàbá. Kọnkéré ló wà lábẹ́ omi dídì yẹn, wọ́n sì ri ọ̀pọ̀ páìpù sínú rẹ̀. Omi iyọ̀, tàbí omi tí wọ́n po kẹ́míkà mọ́ kó má baà dì, ló ń gba inú páìpù náà kọjá. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ńlá ń fa ooru kúrò lára rẹ̀ gẹ́lẹ́ bí ti firísà ṣe ń fa ooru kúrò lára ẹja. Wọ́n á wá máa wọ́n omi lé e lórí díẹ̀díẹ̀, ìpele lórí ìpele, títí tó fi nípọn tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Ẹ wá fojú inú wo firísà tó gùn tó mítà 60, tó fẹ̀ tó mítà 30, tí kò ní ìdérí. Ẹni tó ń fi jẹnẹrétọ̀ gbé firísà mẹ́ta péré mọ bí dísẹ́ẹ̀lì ṣe ń jẹ owó. Tọ̀sántòru ni ti pápá ń ṣiṣẹ́, yálà èèyàn wà lórí rẹ̀ tàbí kò sí. Nítorí náà, kò sí wákàtí tí ẹni tó ni ín kò ní fẹ́ tà, èrò ọ̀sán ló sì ń mówó wọlé jù. Àwọn tó ń gbáradì ló ń gba ìdájí àti òru. Tí wọ́n bá ní aago mẹ́fà àárọ̀ ni àyè wà, kí ẹ má ṣe rò pé wọ́n ń fi yín ṣẹ̀sín.

Omi dídì náà tún máa ń fẹ́ ìtọ́jú. Tí irin bàtà bá ti họ ọ́ kiri, ẹ̀rọ kan á wọlé, á fá a, á sì da omi gbígbóná tẹ́ẹ́rẹ́ lé e kó lè dì mọ́ ti tẹ́lẹ̀. Frank Zamboni ló ṣe àkọ́kọ́ irú ẹ̀rọ yìí ní California ní ọdún 1949. Kó tó dé, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọkùnrin ni, ó sì máa ń gbà ju wákàtí kan lọ. Lónìí, bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, ṣùgbọ́n gbogbo èèyàn gbọ́dọ̀ kúrò lórí rẹ̀. Ẹ bèèrè bóyá ìṣẹ́jú yẹn wà nínú wákàtí tí ẹ ń sanwó fún.

Àwọn ọmọ Nàìjíríà kan ti mọ ìyà àìrí omi dídì yìí ju ẹnikẹ́ni lọ. Seun Adigun, tó sá eré onídènà fún Nàìjíríà ní Òlíńpíìkì London 2012, ló gbèrò pé kí obìnrin Nàìjíríà wa bobsled, ọkọ̀ alábẹ́ irin tí wọ́n ń tì sọ̀kalẹ̀ lórí omi dídì. Houston ló wà, ìlú olóoru bíi Èkó, kò sí ojú ọ̀nà omi dídì níbẹ̀. Ó fi pákó kan ọkọ̀ fúnra rẹ̀, ó sọ ọ́ ní Maeflower, òun àti Ngozi Onwumere pẹ̀lú Akuoma Omeoga sì ń tì í lórí ilẹ̀ lásán. Nígbà tí wọ́n fẹ́ tẹ omi dídì gidi, ìrìn àjò ni wọ́n ń rìn lọ sí àwọn ìlú òtútù ní Amẹ́ríkà àti Kánádà. Ní February 2018, wọ́n dé PyeongChang ní South Korea. Simidele Adeagbo náà wà níbẹ̀, ó ń dojú bolẹ̀ lórí skeleton. Ìgbà àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà máa lọ sí Òlíńpíìkì ìgbà òtútù nìyẹn. Ipò ogún ni wọ́n ṣe nínú eré méjèèjì, àwọn ló gbẹ̀yìn, kò sì sí ẹni tó mọ ọ̀nà tí wọ́n gbà débẹ̀ tó máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́.

Nílẹ̀ Áfíríkà níbí náà, inú òtẹ́ẹ̀lì Panari ní Nairobi ni ẹgbẹ́ họ́kì Kenya Ice Lions ti kọ́ṣẹ́. Omi dídì wà, ẹgbẹ́ tí wọ́n máa bá figagbága ni kò sí nítòsí. Kánádà ni wọ́n lọ ní 2018 kí wọ́n tó rí ẹni bá gbá.

Fún òbí tó ń rìnrìn àjò, iṣẹ́ gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú. Ẹ wo àtẹ àkókò pápá náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀sẹ̀ tí ẹ máa wà níbẹ̀ gan-an ni kí ẹ wò, torí ìdíje kan lè gba gbogbo òpin ọ̀sẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ pè wọ́n. Dubai fi wákàtí mẹ́ta ṣíwájú Èkó, Houston sì fi mẹ́fà tàbí méje gbẹ́yìn. Ẹ sọ ìpele tí ọmọ wà. Ẹ bèèrè bóyá wọ́n ń gba àlejò tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ wọn, bóyá ó gbọ́dọ̀ ní olùkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, bóyá káàdì ẹgbẹ́ rẹ̀ láti ilé tó. Ọ̀pọ̀ pápá kì í jẹ́ kí olùkọ́ àlejò kọ́ni láìgba àṣẹ, kí ẹ má sì ṣe gbé ọ̀rọ̀ yẹn dé ẹnu ọ̀nà. Tí káàdì náírà bá kọ̀ láti sanwó, ẹ wá mọ̀lẹ́bí tó wà lọ́hùn-ún.

Ìlú tó ní ju pápá kan lọ máa ń rọrùn. Ẹni tó bá dé sí Peckham lè gba Streatham lọ. Ní Leyton, apá ìlà-oòrùn London, Lee Valley Ice Centre tí wọ́n tún kọ́, tó ṣí ní 2023, ní pápá méjì. Nígbà tí èrò bá kún ọ̀kan, àwọn tó ń gbáradì lè wà lórí èkejì. Ní Houston, ti Galleria wà láàárín ilé ìtajà, ẹ̀mí ọjà ló sì wà níbẹ̀, nítorí náà ẹ tètè jí.

Bàtà ọmọ ni kí ẹ má fi ṣeré rárá. Bàtà ayágbé kì í mú, kì í sì í di ọrùn ẹsẹ̀ dáadáa, ẹni tó bá fi fò ń wá ìṣubú. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú bóyá wọ́n gbà kí ẹ gbé e dání, torí tí báàgì bá sọnù, ìgbáradì ti parí nìyẹn. Kí wọ́n pọ́n irin rẹ̀ nílé, lọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n, ó kéré tán ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú ìrìn àjò.

Tó bá wá jẹ́ pé Èkó gan-an ni ọmọ ti fẹ́ lo ìsinmi, fífò àti yíyí po lórí ilẹ̀ ló kù, pẹ̀lú bàtà oníkẹ̀kẹ́ bí olùkọ́ bá fọwọ́ sí i. Kí wọ́n nu bàtà omi dídì rẹ̀ gbẹ, kí wọ́n fi aṣọ rírọ̀ wé irin rẹ̀, kí wọ́n má fi í sínú ìbòrí oníke líle. Ọ̀rinrin tó ń ti ọ̀sà fẹ́ wọ Ọ̀jọ́ kì í jẹ́ kí irin pẹ́ kó tó dípẹtà.